Ta ló rán an, ibo sì lọwọ́ rẹ̀ mọ? Ìyàtọ̀ láàrin àwọn agbófinró tó ń dá wa dúró lójú ọ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń kó ọjà lọ sí Balógun ní Èkó nínú ọkọ̀ Sienna mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó dé Òṣòdì, oríṣi aṣọ iṣẹ́ márùn-ún ló ti dá mi dúró: TRACE, ọlọ́pàá, Road Safety, Kọ́sítọ́ọ̀mù àti LASTMA. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ lálẹ́, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tún tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú. Ọ̀kan nínú gbogbo wọn gba láíṣẹ́ǹsì mi lọ, kò fún mi ní ìwé kankan. Èyí tó dùn mí jù ni ti àbúrò mi ọkùnrin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí gbèsè, wọ́n sì tì í mọ́ ọ́fíìsì wọn fún ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ni nínú wọn ló lè mú ènìyàn? Ta ló lè ti ènìyàn mọ́lé? Ta ló lè gba ọkọ̀ mi? Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò nílùú yìí, orí bẹ́ǹṣì tésàn ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí mo ti ń dúró de ẹni tí mo wá gba béèlì rẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn tó eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ń dùn yín bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin fún láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́ ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì, ìbáà ṣe gbèsè ló jẹ, ìbáà ṣe pé ó jalè. Ọlọ́pàá gan-an, òfin kò gbà fún un kó mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ohun tí wọ́n ṣe sí àbúrò yín kò tọ́, a ó sì sọ ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kí ó lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to àwọn ènìyàn wọ̀nyí síwájú yín bí òfin ṣe tò wọ́n.

Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ gbé ojú kúrò lára aṣọ náà ná, kí ẹ béèrè nínú ara yín pé: òfin wo ló bí i? Ta ni ọ̀gá tó ń jíṣẹ́ fún? Irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ní kó máa ṣọ́? Àwọn kan wà tí Abújá rán, àwọn kan wà tí gómìnà rán, àwọn kan sì wà tí àdúgbò kàn kó jọ láti máa ṣọ́ òru. Bàtà dúdú ni gbogbo wọn ń wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ igbe ké. Ibi tí ọwọ́ wọn mọ ni kò dọ́gba.

Ọlọ́pàá ló ṣáájú. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 214, sọ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá òmíràn sílẹ̀ níbikíbi nínú rẹ̀. Nítorí náà, Kọmíṣánnà ọlọ́pàá tó wà ní Eléwéẹran níbí, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Abújá ló ń jíṣẹ́ fún, kì í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn. Lóòótọ́, abala 215 fún gómìnà láyè láti pàṣẹ fún un lórí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n kọmíṣánnà lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ti Ààrẹ ná. Ẹ lè wá rí ìdí tí àwọn gómìnà fi máa ń ráhùn pé wọ́n kàn ń pe àwọn ní olórí ààbò ni, pé okùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn.

Ohun tó mú ọlọ́pàá yàtọ̀ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Olè, ìpànìyàn, ìjà, ìfipábánilòpọ̀, jìbìtì, ìjàǹbá ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè mú ènìyàn, ó lè wádìí ọ̀rọ̀, ó ní àtìmọ́lé tí òfin mọ̀, ó sì lè gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Òfin tó ń darí rẹ̀ báyìí ni òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, èyí tó rọ́pò ti ọdún 1943 tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa. Agbára tó tó báyìí, òfin kan náà kò fi í sílẹ̀ láìsí ìjánu. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé bí wọ́n bá mú ènìyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní àkọsílẹ̀ láàrin wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá sì wà láàrin 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí kóòtù Májísíréètì wà ní Ìsàbọ̀, kò sí ọlọ́pàá tó lè sọ pé ilé ẹjọ́ jìnnà.

Nínú ilé ọlọ́pàá kan náà, yàrá pọ̀. Mopol tí ẹ ń rí lẹ́yìn àwọn olówó àti olóṣèlú, ọlọ́pàá ni. Ọdún 1961 ni wọ́n ti dá ẹ̀ka yẹn sílẹ̀ fún pípa rògbòdìyàn. RRS tó ń yí Èkó po, ọlọ́pàá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Èkó ló ń ra ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ fún wọn. SARS náà, ọlọ́pàá ni wọ́n títí ọ̀gá àgbà wọn fi tú wọn ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti bọ́ sígboro. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, tí àwọn òbí wa ń pè ní Yẹ́lò Fífà nítorí àwọ̀ ẹ̀wù wọn, abẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ìrìnnà ọkọ̀ nìkan sì ni iṣẹ́ wọn. Àwọn kan tún wà tí a ń pè ní Spy. Ẹ ó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá, pẹ̀lú aṣọ tó jọ ti ọlọ́pàá. Ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n ló ń san owó wọn, ohun ìní ilé iṣẹ́ yẹn nìkan sì ni wọ́n wà fún. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde sí títì láti wá máa yẹ pátíkúlà ọkọ̀ yín wò, ó ti kúrò lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí a kò fi ní ọlọ́pàá tiwa-n-tiwa? A ti ní wọn rí, Ìyá Ìbejì. Àwọn àgbà yín lọ́jà Ìtòkú ì bá sọ ìtàn wọn fún yín. Kí òyìnbó tó dé, ààfin ní àwọn tirẹ̀: ìlàrí ní Ọ̀yọ́, ẹmẹsẹ̀ ní Ifẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọba tí wọ́n sì ń mú arúfin wá síwájú rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé ìjọba ìbílẹ̀ kalẹ̀, akódà àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ló gba ipò wọn. Wọ́n mọ gbogbo agbo ilé, wọ́n mọ ẹni tó sá fún owó orí àti ibi tó sá sí. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú wa yìí gan-an, àwọn agbowó orí máa ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó ń san owó orí. Ó wà lára ohun tó mú kí àwọn ìyá wa, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, dìde ní ọdún 1947, tí wọ́n sì dó ti ààfin títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn, oníṣòwò àdìrẹ ni wọ́n bíi tiyín.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn wá fi ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ohun ìjà. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ alátakò, òun ni wọ́n ń mú, òun ni wọ́n ń lù. Ìgbà tó di ọdún 1965 tí wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróò lu ilé àti ènìyàn, kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀lé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ mọ́. Nígbà tí sọ́jà gba ìjọba ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kúrò nílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Láti inú ọgbẹ́ yẹn ni abala 214 ti wá. Èmi gbà pé ó ti tó àkókò kí ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú kò lè ṣọ́ ìlú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́ bíi pé ohun tuntun ni. Kí ẹni tó bá máa kọ òfin yẹn kọ ọ́ pẹ̀lú ìtàn akódà lọ́kàn.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston, yóò ti sọ fún yín pé àwọn ń dìbò yan ṣẹ́rífù ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, pé ọlọ́pàá ìlú yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀. Ní Ẹ́ńgílándì àti Wales, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá àdúgbò 43 ló wà. Tiwọn nìyẹn. Èyí tí òfin fún àwa ni ọ̀kan ṣoṣo, títí wọn yóò fi yí ìwé òfin padà.

Ní báyìí, àwọn ará ojú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, Road Safety, Abújá ló rán wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága wọn àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1988. Kó tó dìgbà yẹn, láti ọdún 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní irú rẹ̀, nítorí bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe ń pa àwọn ọmọ yunifásítì. Òfin ọdún 2007 ni wọ́n ń lò báyìí. Ó fún wọn láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láti mú ẹni tó bá rú òfin ìrìnnà, láti fi ọkọ̀ tó léwu pamọ́, àti láti gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì, táyà, eré àsápajúdé, fóònù létí, ẹrù àpọ̀jù, láíṣẹ́ǹsì: ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn mọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè Road Safety tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn gan-an, ó lè jẹ́ pé olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni. Wọ́n ń pè wọ́n ní special marshal. Kí n má sì ṣe àìdáa sí wọn: bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ kíyè sí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ fún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdájọ́ ni. Ẹ̀sùn ni. Bí ẹ bá san owó tó wà nínú rẹ̀, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ṣe ohun tí wọ́n kọ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ilé ẹjọ́ ni kí ẹ lọ. Adájọ́ nìkan ló lè dá ènìyàn lẹ́bi.

TRACE àti LASTMA, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn. TRACE jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn. LASTMA jẹ́ ti Èkó láti ọdún 2000. Ọ̀yọ́ náà ní OYRTMA. Gómìnà ló rán wọn, òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn ṣe ni wọ́n ń lò, ibi tí ààlà ìpínlẹ̀ sì parí sí ni agbára wọn parí sí. Bí ẹ bá ti kọjá Toll Gate Ọ̀tà tí ẹ wọ Alákùkọ, TRACE kò lè tẹ̀lé yín mọ́. Bí LASTMA bá sì rí yín ní Ṣàngó, àlejò ni òun náà níbẹ̀. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, wọ́n-wéè, ibi tí kò yẹ kí a páàkì, iná tó ń dáni dúró, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ yín lọ sí ọgbà wọn, wọ́n sì lè gbé yín lọ sí kóòtù alágbèéká. Wọn kò láṣẹ láti tú bùùtù yín wá òògùn olóró, wọn kò láṣẹ láti béèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe bá wọn du sitiárì, kí ẹ sì má ṣe gbé ọkọ̀ sáré nígbà tí ẹnì kan bá dúró níwájú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tó di ẹjọ́ ìpànìyàn.

VIO kò sí nínú àwọn tí ẹ dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ ó pàdé wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló rán àwọn náà. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ìlera ọkọ̀: bíréèkì, iná, táyà, èéfín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan ní Abújá sọ pé kò sí òfin tó fún VIO olú-ìlú níbẹ̀ láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á tàbí láti bu owó ìtanràn léni. Ọ̀rọ̀ Abújá ni ìdájọ́ yẹn dá lé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bá VIO Ògùn tàbí ti Èkó jà lójú títì.

Kọ́sítọ́ọ̀mù, ọjà tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé ni wọ́n ń wá. Nítorí Ìdìrókò ni wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tiwa. Ẹ máa mú rìsíìtì téérù tí ẹ fi ń pa aró dání, ọ̀rọ̀ yóò tètè tán. Sífú Dìfẹ́ǹsì náà, Abújá ló rán wọn. Ìgbà ogun abẹ́lé, ní ọdún 1967, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, òfin ọdún 2003 ló sì fìdí wọn múlẹ̀. Ọ̀pá epo, wáyà iná, irin ojú rélùwéè ni wọ́n ń ṣọ́, àwọn náà ló sì ń fún ilé iṣẹ́ mẹ́gàádì níwèé àṣẹ.

Ó wá kan Àmọ̀tẹ́kùn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí i ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ìjínigbé ti sọ oko àti ọ̀nà di ibi ẹ̀rù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu, nítorí abala 214 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí Àmọ̀tẹ́kùn kan ṣoṣo tó kárí ilẹ̀ Yorùbá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ti Ògùn dá wà, ti Òndó dá wà, ti Ọ̀yọ́ dá wà, kálukú pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀. Èkó kò tilẹ̀ lo orúkọ yẹn. Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí wọ́n ti fi òfin ọdún 2016 dá sílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ní ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn tó ń jẹ́ So-Safe lọ́tọ̀.

Mo fẹ́ràn Àmọ̀tẹ́kùn, n kò sì ní fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n mọ igbó ju ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn lọ, wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀, wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin darandaran tó ń kọjá lọ àti ẹni tó lúgọ. Ìyá àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá sọ fún mi pé àwọn ni kò jẹ́ kí òun pa oko ẹ̀gẹ́ òun tì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò yí òfin padà. Wọ́n lè yí ìlú po, wọ́n lè kó ìròyìn jọ, wọ́n lè mú ẹni tí wọ́n bá lórí ìwà ọ̀daràn. Tí wọ́n bá ti mú un tán, ohun tí òfin ń retí ni kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfi falẹ̀. Ìwádìí, àtìmọ́lé àti ẹjọ́, ìyẹn ti di ti ọlọ́pàá. Ẹni tó bá sọ ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ di sẹ́ẹ̀lì, orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ náà ló ń bà jẹ́.

Fijilántè, OPC, ẹgbẹ́ ọdẹ, mẹ́gàádì ẹ̀sítéètì: agbára tí òfin fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ ni òfin fún àwọn náà. Bí ẹ bá rí olè níbi tó ti ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè dì í mú kí ẹ sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ ní ibùdókọ̀, ẹ má tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ agbófinró rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n pè mí nítorí káfíńtà kan tí wọ́n tì mọ́lé ní tésàn kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọn kò rí ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé àbúrò. Mo wọlé pẹ̀lú ariwo. Mo ń ka òfin sí wọn létí, mo ń nàka sí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n jókòó, ọmọ náà sì sun àtìmọ́lé ní òru ọjọ́ yẹn. Òru yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí dòní, nítorí ẹnu mi ló fà á. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi bá mi lọ. Ó kí wọn, ó bi wọ́n léèrè àlàáfíà ilé, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí ìwé ẹ̀sùn, kí n wo ohun tí ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀.” Wọ́n ṣí i. Wọn kò kọ ohunkóhun. Kí oòrùn tó kàn tàrí, káfíńtà ti wà nílé rẹ̀. Lónìí, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 ti kọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń kọ́ àwọn oníbàárà mi, pé kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá dá wọn dúró. Ẹ̀yin ará ibo ni, ọ̀gá? Kí ni mo ṣe? Ibo là ń lọ? Ẹni tí òfin rán máa ń ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó ní orúkọ tàbí nọ́ńbà láyà, ó mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi kàn yín, ó sì ní ọ́fíìsì tàbí tésàn tó lè dárúkọ. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá jẹ́ “ẹ kàn máa bọ̀,” ẹ tètè pe ènìyàn yín lórí fóònù kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ sọ ibi tí ẹ wà.

Ó ku ti àbúrò yín. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, kí ó sì sọ òótọ́ fún yín: ṣé gbèsè lásán ni, àbí ó fún ẹni náà ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀? Àbí ó parọ́ gba owó náà? Láti ọdún 1977 ni òfin ti sọ irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, jìbìtì náà sì ń bẹ nínú òfin ọ̀daràn. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá wà níbẹ̀, ọlọ́pàá lè wọ̀ ọ́, ẹ sì nílò agbẹjọ́rò kíákíá. Bí ó bá jẹ́ pé ó yá owó tí kò rí san, tàbí ó gba ọjà àwìn, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni láàrin òun àti ẹni tó jẹ ní gbèsè. Òfin ọdún 2020 yẹn sọ pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí irú rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ o. Kí ó lọ bá olówó rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n kọ bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Lórí ọjọ́ méjì tí wọ́n fi tì í mọ́lé, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní báyìí tí ọkàn rẹ̀ ṣì rántí: wákàtí tí wọ́n dé, iye wọn, ohun tí wọ́n wọ̀, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí wọ́n bá nà án, kí ó lọ sí ọsibítù, kí ó sì gba ìwé dókítà. Kí ẹ wá mú un lọ sí Legal Aid Council bí owó agbẹjọ́rò bá nira. Ìjọba ló dá wọn sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà ń gba ẹ̀sùn. Abala 35 yẹn kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìbófin mu lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti àforíjì ní gbangba. Mo ti rí oníbàárà kan tó ní kí wọ́n mú owó lọ, pé àforíjì yẹn ni òun fẹ́ gbọ́ níwájú àwọn ará àdúgbò tó rí òun nígbà tí wọ́n ń wọ́ òun lọ.

Láíṣẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó wọ irú aṣọ tí ẹ rí, èyí tó súnmọ́ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ jù lọ, ẹ béèrè bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ sì gba tíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí wọ́n ti kọ fún yín bí ẹ bá jẹ̀bi. Bí wọn kò bá rí i, ẹnì kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sáré lọ búra ní kóòtù pé ó sọnù, kí ẹ fi gba òmíràn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọnù, ẹ mọ̀ pé kò sọnù, ìbúra èké sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ búra sí: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ dúró sí, àwọ̀ aṣọ ẹni náà, àti nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀ bí ẹ bá rántí rẹ̀.